Ewé Ẹ̀kọ Lára Ọṣẹ

Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Olúwaṣìkẹ́mi mọ òwe yìí, kò sì kọ̀ ọ́. Ohun tí òwe náà kò sọ fún un ni pé òkété lè dàgbà títí kó má mọ ọmọ tó ń fún un lọ́mú mọ́.

Ìyá rẹ̀ ta ẹ̀kọ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ibùdókọ̀ ojú irin Tchaourou, nílẹ̀ Benin, nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń kó èrò láti Kútọnu lọ sí Parakou. Ẹ̀kọ rẹ̀ a máa funfun, ewé tẹ́ẹ̀kì tó gbó ló fi ń pọ́n ọn. Kò sí ẹlẹ́kọ tó tó o nílùú. Ní báyìí, ìyá ti ń gbàgbé. Á jẹun tán, á ní òun kò tíì fẹnu kan nǹkan. Èyí tó dun Ṣìkẹ́mi jù ni pé ìyá tó bí i lọ́mọ ń pè é ní tata, ìyẹn àǹtí, bí ẹni tó ń kí obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé lọ́jà.

Ọṣẹ òrí ni Ṣìkẹ́mi ń sè tà. Ọ̀rá ló fi ń wé e tẹ́lẹ̀. Bí ooru bá mú, ọṣẹ á làágùn nínú ọ̀rá, àwọn èèyàn á ju ọ̀rá náà sọnù, ẹ ó sì tún bá a nínú ebè iṣu lọ́dún tó ń bọ̀. Ìyálọ́jà kan tó ní ilé ìtajà ní Kútọnu wá sọ fún un pé òun kò gba ọ̀rá mọ́, kó wá ohun tó máa ń jẹrà wé e. Ṣìkẹ́mi ronú títí. Ló bá ṣa ewé tẹ́ẹ̀kì wálé, ó jẹ́ kó rọ, ó sì gbé e síwájú ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ, kí ọwọ́ arúgbó lè rí nǹkan ṣe.

Orí gbàgbé, ọwọ́ kò gbàgbé. Ìyá ṣẹ́ ewé sọ́tùn-ún, ó ṣẹ́ ẹ sósì, ó ki ìdí rẹ̀ bọ abẹ́. Kò lo okùn, kò lo àtè. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè.

"Ṣìkẹ́mi, ki ìdí tìrẹ bọ̀ ọ́ dáadáa. Àbí o fẹ́ kí àwọn èrò ọkọ̀ fi mí rẹ́rìn-ín?"

Ṣìkẹ́mi bú sẹ́kún. Ó ti ju ọdún kan lọ tó ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀ kẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ kí ewé wọ́n nílé. Kútọnu ń yin ọṣẹ eléwé tẹ́ẹ̀kì; ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yìn ín. Orúkọ rẹ̀ ni obìnrin yìí ń wá ní tirẹ̀. Láràárọ̀ ló ń jókòó ti ìyá, tó ń retí kó tún pe òun. Ìyá ń pọ́n ọṣẹ, inú rẹ̀ ń dùn, ṣùgbọ́n tata náà ló ń pè é.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ṣìkẹ́mi lọ pọn omi. Nígbà tó dé, kò bá ìyá, kò sì bá agbọ̀n ọṣẹ. Kó tó lọgun, alùpùpù kan já wọ àgbàlá. Abdou ni, ọmọ àdúgbò tó ń fi alùpùpù rẹ̀ gbé èrò. Ìfófòó funfun yọ ní ètè rẹ̀.

"Tata, ẹ wo ẹnu mi! Mo ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ màmá, mo gé e jẹ, ọṣẹ ni! Mais ẹ̀yin náà, ta ló ń fi ewé ẹ̀kọ wé ọṣẹ?"

Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ̀rín ni ìbá pa Ṣìkẹ́mi. "Pardon, Abdou, má bínú. Ibo lo ti rí wọn?"

"Wọ́n wà ní la gare. Wọ́n jókòó sétí irin."

Abdou gbé e lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin náà. Koríko ti bo ilẹ̀ níbẹ̀, nítorí ọkọ̀ èrò kò gba ọ̀nà yẹn mọ́. Ìyá gbé agbọ̀n lé itan, ó kọjú sí ọ̀nà tí ọkọ̀ máa ń gbà wá. Àwọn kan dúró tì í, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ẹnì kan tilẹ̀ ń sọ pé arúgbó yìí fẹ́ fún èèyàn ní májèlé jẹ.

"Ẹ̀kọ wọn lẹ jẹ dàgbà, ẹ̀yin aláìmoore!" Ṣìkẹ́mi lé wọn dànù. Ó kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ jẹ́ ká lọlé."

"Tata, ẹ ní sùúrù. Ọkọ̀ ti kúrò ní Ṣábẹ̀, ó kù díẹ̀ kó dé. Bí mi ò bá tajà, kí ni ọmọ mi máa jẹ?"

Ọjọ́ yẹn ni Ṣìkẹ́mi ti ọṣẹ mọ́ inú yàrá. Ó ra páálí, ó ń fi wé ọṣẹ fúnra rẹ̀, Kútọnu sì gbà á, torí páálí náà ń jẹrà. Ìyá jókòó lórí àpótí, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ó mú etí aṣọ ìró rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ sọ́tùn-ún, ó ṣẹ́ ẹ sósì, ó ki ìdí rẹ̀ bọ abẹ́, ó tún tú u. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ọkàn Ṣìkẹ́mi gbọgbẹ́. Kò lè wò ó mọ́.

Ó rẹ àgbàdo sómi, ó lọ̀ ọ́, ó sì ṣe ẹ̀kọ gidi. Ó gbé ìkòkò àti ewé síwájú ìyá rẹ̀. Ojú ìyá tàn. Ó pọ́n ẹ̀kọ títí ìkòkò fi gbẹ, lẹ́yìn náà ló ṣa èyí tó tóbi jù nínú wọn, ó nà án sí ọmọ rẹ̀.

"Tata, ẹ ṣeun, Olúwa á bù kún yín. Ẹ bá mi gbé èyí pa mọ́ fún Ṣìkẹ́mi, ọmọ mi. Ebi á máa pa á bó bá ti iléèwé dé. Ẹ ní kó má dúró dè mí o. Ó lè pẹ́ kí n tó dé."

"Mo máa sọ fún un, Màmá."

Ṣìkẹ́mi fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó lọ jókòó sẹ́yìn ilé ìdáná, ó tú ewé náà, ó sì jẹ ẹ́ tán.