Fúnlọ́lá Kọ Ẹ̀yìn sí Kọ̀ǹpútà

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé ilé ìwòsàn kékeré kan ní Sabon Gari, Nọ́ọ̀sì Fúnlọ́lá ló kọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní lílò rẹ̀. Hàjíà Bàrákátù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, ni nǹkan náà kọ́kọ́ fẹ́ yà ní wèrè. Ìka kan ṣoṣo ló fi ń tẹ̀ ẹ́, á máa wá lẹ́tà kiri bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Wọn a fi í ṣẹ̀fẹ̀, òun náà a rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tó ṣe, ibà dá Tiwaladé, ọmọ kan ṣoṣo tí Fúnlọ́lá bí, dùbúlẹ̀. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì tẹ ọjọ́ tó máa padà wá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, tó máa ń fi ohùn pe orúkọ ẹni tó bá kàn. Kí ọjọ́ náà tó pé, ọmọ kú. Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ará ṣọ́ọ̀ṣì ló lọ sin ín. Òbí kì í sin ọmọ, wọn kì í sì í fi sàréè ọmọ han ìyá. Hàjíà kìlọ̀ fún gbogbo òṣìṣẹ́ pé wọn ò gbọdọ̀ dárúkọ ọmọ náà létí Fúnlọ́lá. Ṣùgbọ́n ta ló máa kìlọ̀ fún kọ̀ǹpútà? Pásíwọ́ọ̀dù Fúnlọ́lá nìkan ló lè pa fáìlì ẹni tó kú dé, kò sì sẹ́ni tó láyà láti bá a sọ ọ́.

Ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè kan, tí èrò kún ìjókòó, ẹ̀rọ pe ẹni tó kàn: Tiwaladé Adétúnbọ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ó tún un pè. Fúnlọ́lá dìde, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀, síbẹ̀ ó ń wò ó.

Hàjíà fà á wọ yàrá. “Sọ pásíwọ́ọ̀dù ẹ fún mi, ọmọ mi. Èmi ni mo máa pa á dé. Ìwọ ò ní fọwọ́ kàn án.”

Fúnlọ́lá sọ ọ́, ó sì kọjú sí ògiri. Ibẹ̀ ló ti ń júwe ohun tó máa tẹ̀ fún un. Hàjíà ń fi ìka kan yẹn wá lẹ́tà orúkọ ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ yẹn kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Hàjíà dáwọ́ dúró. “Kọ̀ǹpútà ń bi wá pé ṣé ó dá wa lójú.”

Fúnlọ́lá fúnra rẹ̀ ló kọ́ wọn pé kí wọ́n má dáhùn ìbéèrè yẹn láìkọ́kọ́ fojú rí aláìsàn. Ó fi iwájú orí ti ògiri.

“Ẹ tẹ bẹ́ẹ̀ ni, Hàjíà.”

Ìró bọ́tìnì náà kéré, ṣùgbọ́n òun ló gbọ́ dípò ìró yẹ̀pẹ̀ sàréè tí wọn ò jẹ́ kó gbọ́. Nígbà náà ló tó sunkún ọmọ rẹ̀.