Ẹ̀fọ́rí Tí Wọ́n Ní Ó Ti Kọjá Sára Ọkọ

Ní abúlé wa létí òkun, bí aboyún bá fẹ́ sinmi lọ́wọ́ èébì, ọ̀nà kan ni àwọn ìyá wa mọ̀: kó jí ṣáájú ọkọ rẹ̀, kó sì gbẹ́sẹ̀ dá a kọjá lórí ẹní. Èébì, òòyì, àìsàn oyún gbogbo, ọkọ ni yóò máa rù ú láti ọjọ́ náà. Mi ò sọ pé irọ́ ni, mi ò sì sọ pé òótọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ìyàwó tèmi dá mi kọjá, ohun kan ṣoṣo tó ṣe mí ni pé ó tẹ̀ mí nímú.

Onyong, tó ń dá ẹmu lórí àgbọn, ni aládùúgbò mi. Oyún Liwayway ìyàwó rẹ̀ pé oṣù mẹ́ta nígbà tó dá a kọjá. Ní ọjọ́ kejì, Onyong jẹ máńgòrò mẹ́sàn-án tí kò tíì pọ́n, ó fi ede oníyọ̀ sìn ín, ló bá bì. Inú ìyá rẹ̀, Màmá Upeng, dùn: ó ti bọ́ sí i lára nìyẹn.

Bí Onyong ṣe di aboyún ilé wọn nìyẹn. Kò gun igi mọ́. Ìrẹsì rírọ̀ alátalẹ̀ ni wọ́n ń sè fún un, wọ́n sì ń fi òróró wọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ta ló ń sè é, ta ló ń wọ́ ọ? Liwayway ni, tòun ti ikùn níwájú.

Oyún wọ oṣù kẹjọ, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Liwayway. Ní ọjọ́ kẹta mo gbé ẹja lọ fún wọn. Ojú rẹ̀ ti wú bíi búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sómi, òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ sì ti rì sínú ìka.

"Màmá," ó ń sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀, "orí yìí ò dáa. Bí mo bá wo ìta, bíi kí iná máa ta níwájú mi ló ń ṣe. Abẹ́ ìhà mi náà ń dùn mí. Ẹ jẹ́ n lọ rí agbẹ̀bí."

Màmá Upeng ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ọmọ rẹ̀. "Orí wo? Ṣé èyí tó o ti gbé fún ọkọ ẹ? Ọmọ mi ń jẹ ìyà ẹ̀, o tún fẹ́ ká máa kí ọ kú ìrora."

"Orí tèmi ni, Màmá."

"Ẹ wá gbọ́. Ẹni tó ti sọ ẹrù kalẹ̀ ló tún ní ọrùn ń ro òun."

Onyong mí kanlẹ̀ lórí ẹní. "Ẹ má dá a lóhùn, Màmá. Èmi ni mo mọ ohun tójú mi ń rí. Ìrẹsì yẹn ò tíì jinná ni?"

"Ojú tó wú ńkọ́?" Èmi ni mo béèrè.

"Ọkùnrin ló fẹ́ bí," Màmá Upeng fèsì. "Oyún ọkùnrin kì í jẹ́ kí ojú ìyá ẹ̀ dùn ún wò."

Mo panu mọ́, kò sì yẹ kí n pa á mọ́. Àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun ń wọ́.

Liwayway ò sunkún. Ó wo ọkọ rẹ̀ títí, ó wá ní, "Òótọ́ lẹ sọ, Màmá. Bó bá jẹ́ Onyong ló ń ru orí yìí, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọmọ yín ti le. Agbẹ̀bí sọ fún wa pé èébì àárọ̀ àti ẹ̀yìn ríro lè dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n orí tó ń fọ́ tí kò lọ, ojú tó ń rí iná, ojú àti ọwọ́ tó wú, ó ní wọn kì í dúró de ọ̀la. Gìrì lè gbé onítọ̀hún. Ó lè kú."

Abẹ̀bẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Màmá Upeng. "Kú kẹ̀?"

Onyong dìde jókòó. "Ta ló máa kú?"

"Ẹni tó bá ń rù ú ni," Liwayway fèsì.

Mi ò tíì rí arúgbó tó sáré bẹ́ẹ̀ rí. Sálúbàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀ jáde. Kí ìrẹsì tó jinná, Agbẹ̀bí Delfina ti gun àkàbà dé ilé wọn tó wà lórí òpó, pẹ̀lú báàgì rẹ̀.

"Aboyún dà?"

Màmá Upeng nàka sí ọmọ rẹ̀.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Delfina ti fi ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, kò sí ohun tó ń yà á lẹ́nu mọ́. Ó wé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ apá Onyong, ó fún un, ó fetí sí i. "Ẹ̀jẹ̀ ẹ dáa ju tèmi lọ. Ìgbà wo lo jẹun kẹ́yìn?"

"Mi ò tíì fẹnu kan nǹkan láti àárọ̀. Àfi abọ́ méjì."

Kó tó sọ ọ́ tán, Liwayway ti na apá tirẹ̀. Delfina wé e, ó fún un, ó tú u, ó tún un wé. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun obìnrin náà, ibẹ̀ sì jìn sínú bí amọ̀ tútù.

"Láti ìgbà wo?"

"Ọjọ́ mẹ́ta."

"Ta ló ní kó o dúró?"

Ìrẹsì ń hó dànù sórí iná.

Nígbà tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dé, Onyong ló kọ́kọ́ jókòó síbi tí aláìsàn ń jókòó. "Bọ́ sílẹ̀, aboyún," Delfina wí, ó sì gbé Liwayway wọnú kẹ̀kẹ́ náà.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un nílé ìwòsàn ìlú. Obìnrin ni ọmọ, kò tóbi ju ẹja tí mo gbé wá lọ, ṣùgbọ́n ó ké. Dókítà ní bó bá jẹ́ ọjọ́ kejì ni, ẹnu òun ò ní gba ọ̀rọ̀ tí òun ìbá bá wa sọ. Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú.

Nísinsìnyí, bí orí bá fọ́ aboyún kan ládùúgbò wa, Màmá Upeng ti fà á lọ́wọ́ dé ọ̀dọ̀ Delfina. Ó máa ń sọ fún gbogbo ayé pé òun lòun sáré pe agbẹ̀bí lọ́jọ́ náà. Òótọ́ ni, a ò jà á níyàn. Onyong náà ṣì ń ròyìn fáwọn tó ń mu ẹmu bí ìbímọ yẹn ṣe nira fún òun tó.

Liwayway ti tún lóyún. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màmá Upeng rán an létí pé kó má gbàgbé láti dá ọkọ rẹ̀ kọjá.

"Rárá o, Màmá," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí orí mi wà lọ́rùn mi, kẹ́ ẹ lè gbà pé tèmi ni bó bá ń fọ́."

Láràárọ̀, ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ ló máa ń gbà yí ẹní ká.