Ẹni Iyì Kì Í Sanwó

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin ọmọ àti ẹ̀yin ìyá ọmọ. Ẹni tó ń jẹun, kó gbé àwo rẹ̀ dání bọ̀. Ọ̀rọ̀ obìnrin kan tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà ọgbà ẹranko ni mo fẹ́ sọ, òun àti orogún rẹ̀.

Orogún ọ̀hún, erinmi ni. Ọkọ obìnrin yìí ló ń bọ́ ọ. Àtìgbà tí ẹranko náà ti wà lọ́mọ ọwọ́ ló ti ń fi ìgò fún un ní wàrà, ó sì ń pè é ní Ìyàwó Kékeré. Bí ọkọ bá délé tó ń rùn bí adágún omi, Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì a ní, "Ṣé Ìyàwó Kékeré ti yó? Èmi ìyálé ò tíì jẹun o." Wọn a jọ rẹ́rìn-ín.

Owó tíkẹ́ẹ̀tì àárọ̀ ni wọ́n fi ń ra kábéèjì àti koríko ọ̀sán fún erinmi. Bó ṣe ń lọ nìyẹn, àfi ìgbà tí wọ́n gbé ọ̀gá tuntun dé. Ọ̀gá yìí fẹ́ràn ẹni ńlá bí eṣinṣin ṣe fẹ́ràn egbò. Kò tíì lo ọjọ́ mẹ́ta tó fi ní kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́nu ọ̀nà: ẸNI IYÌ KÌ Í SANWÓ.

"Ọ̀gá, ta wá ni ẹni iyì?"

"Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì, ẹni iyì mọ ara rẹ̀."

Wọ́n kúkú mọ ara wọn. Àna ọ̀gá ló kọ́kọ́ wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, nínú ọkọ̀ tó gùn ju yàrá ẹlòmíì lọ. Lọ́jọ́ kejì, onígbàjámọ̀ yá kóòtù wọ̀, ó wú àyà wọlé. Aránṣọ fi gíláàsì dúdú bojú, òun náà ò sanwó. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹni tó bá yọwó, wọ́n á máa wò ó bí ẹni tó jalè. Ta ló fẹ́ fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun ò níyì? Olùkọ́ kan fẹ́ sanwó, ìyàwó rẹ̀ fà á láṣọ: "Bàbá àwọn ọmọ, ṣé ẹ fẹ́ dójú tì wá ni?"

Àpótí owó gbẹ. Erinmi ń rù, awọ ọrùn rẹ̀ ń fì. Ọ̀gá wá pe ọkọ, ó ní, "Bí ò bá sówó kábéèjì títí di Sátidé, alápatà ni màá pè."

Ọkùnrin náà délé, kò fọwọ́ kan oúnjẹ. "Ó mọ ohùn mi," gbogbo ohun tó lè sọ nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ wá ẹ̀fẹ̀ tì.

Láàárọ̀ Sátidé, àna ọ̀gá tún dé, òun àtọmọ méje. Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì jáde, ó kúnlẹ̀ kí i dáadáa, ó kọjú sódò erinmi, ó gbé orin:

*Orogún mi, dìde kálejò,*
*Ẹni iyì mà ti dé o.*
*Kábéèjì rẹ ló fi wọlé,*
*Koríko rẹ ló fi wọlé.*
*Ebi ń pa ọ́, iyì ń pa wọ́n,*
*Orogún mi, má bínú o.*

Àwọn èrò ẹ̀yìn gbè é. Àwọn ọmọ àna ọ̀gá gan-an yọrí lójú fèrèsé ọkọ̀, wọ́n ń gbè é lọ ràì.

"Ìyá, kí lẹ ń kọ?"

"Oríkì yín ni, sà. A ò gbọdọ̀ jẹ́ kẹ́ni iyì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́."

"Èló ni kí n san kẹ́ ẹ dákẹ́?"

"Ti èèyàn mẹ́jọ ni, sà."

Ó san án. Onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe adití. Ó ki ọwọ́ sápò kóòtù, wọ́n ti rán àpò náà pa. Inú ìbọ̀sẹ̀ ló ti yọwó. Àwọn tó tò tẹ̀ lé e náà bá sanwó.

Ọ̀gá sáré jáde, ó fẹ́ jágbe mọ́ obìnrin náà. Àna rẹ̀ yíjú sí i: "Tíkẹ́ẹ̀tì tìẹ dà?" Ọ̀gá yọwó, ó san tiẹ̀.

Ọkọ̀ kábéèjì dé lọ́sàn-án. Erinmi la ẹnu bí ilẹ̀kùn gáréèjì, ọkọ ń sọ kábéèjì sí i, ó ń fọhùn jẹ́jẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Àwọn ọmọ àlejò jẹ búrẹ́dì wọn létí omi, wọ́n yó, wọ́n ń kọrin lọ sílé. Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì àtọkọ rẹ̀ ti ilẹ̀kùn ọgbà, wọ́n lọ bu oúnjẹ sáwo kan, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán pátá.