Àyè Kan Nínú Fọ́ọ̀mù

Ìgbà kẹta rèé tí ọ́fíìsì tó ń pín ilé dá fọ́ọ̀mù padà fún Màmá àti àwọn ọmọ rẹ̀, ẹ̀sùn kan náà sì ni: àyè tí wọ́n ní kí wọ́n kọ iye ọmọ sí ṣófo. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní kí Màmá fúnra rẹ̀ wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kó sì fọwọ́ sí i. Bí kò bá wá, ilé oníyàrá méjì tí wọ́n ti ń retí láti ọdún méjì á bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ọmọ rẹ̀ àgbà, ọmọbìnrin ọdún mọ́kànlá, ló bá a lọ. Ògbufọ̀ ni wọ́n ń pè é nílé, nítorí òun ni ẹnu gbogbo wọn ní èdè ìlú àjòjì yìí: nílé ìwòsàn, nílé ìwé àwọn àbúrò rẹ̀, lọ́dọ̀ onílé. Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ ọmọdé ni, kó wá dúró síwájú onílé, kí ìyá rẹ̀ máa bú onílé náà, kí òun sì máa tú èébú náà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ àgbà ti sú ọmọ náà pátápátá. Kò fẹ́ ju kó jókòó síbì kan, kí ẹnikẹ́ni má bi í pé kí ni wọ́n wí.

Yàrá kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń gbé. Ara ògiri rẹ̀ ń làágùn tẹ̀ẹ̀rùn-tòjò, ó ti bu dúdú, àbúrò rẹ̀ tó kéré jù báyìí sì ti ń wúkọ́. Ìwúkọ́ yẹn ló ń já Ògbufọ̀ láyà, torí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti Àbíkẹ́yìn, ọmọ kẹrin Màmá, ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Àbíkẹ́yìn náà ló wà nídìí àyè tó ṣófo yẹn. Níbi tí wọ́n ti wá, abiyamọ kì í na ìka ka ọmọ ara rẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n wọ ìlú yìí, ẹni tó ń yẹ ìwé ìrìnnà wò bi Màmá léèrè. Ìrìn àjò ti gba gbogbo okun lára rẹ̀, ló bá nàka sí wọn: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ọdún ò yí po tí wọ́n fi sin Àbíkẹ́yìn. Látìgbà náà, Màmá ò ka ọmọ mọ́.

Obìnrin tó jókòó nídìí tábìlì ní ọ́fíìsì náà kò le, ó kàn ti rẹ òun náà ni. Ó béèrè, Ògbufọ̀ sì tú u fún ìyá rẹ̀:

“Wọ́n ní ọmọ mélòó lẹ ní, Màmá.”

Màmá ń wo ọwọ́ rẹ̀ tí ọṣẹ hòtẹ́ẹ̀lì tó ti ń ṣiṣẹ́ ti bó. Àwọn tó tò sẹ́yìn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Inú bí Ògbufọ̀, ojú sì tún tì í pé inú ń bí i.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn. Ó ti rẹ̀ mí.”

“Mẹ́rin,” ni Màmá wí.

Bí Ògbufọ̀ bá pe mẹ́rin, wọ́n á béèrè ìwé ọmọ kẹrin, fọ́ọ̀mù á tún padà wálé. Kò sì yí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ padà rí, kódà lọ́jọ́ tí Màmá bú onílé. Ó kọjú sí obìnrin náà, ó pe mẹ́ta ní èdè ìlú náà. Obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀, ó ti ìwé sọ́dọ̀ Màmá, Màmá sì fọwọ́ sí i.

Inú bọ́ọ̀sì ló ti wá sọ sí Ògbufọ̀ lọ́kàn: nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe àwọn yàrá tí Màmá ń tún ṣe ní hòtẹ́ẹ̀lì. Kò sí nọ́ńbà tí Màmá ò gbọ́ ní èdè yẹn.

“Mẹ́ta lo pè,” ni Màmá wí. Fèrèsé ló ń wò.

“Ẹ má bínú, Màmá.”

Màmá fa orí rẹ̀ mọ́ra. “Àtàárọ̀ ni mo ti ń gbìyànjú ẹ̀. Ẹnu mi ò lè pè é.” Ó fi ìborùn rẹ̀ bò ó. “Sùn díẹ̀. Màá jí ẹ tá a bá débẹ̀.”

Ògbufọ̀ di ojú. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan títí wọ́n fi délé.