Kíláàsì Ìbáwí ní Sharpstown

Kí Mosúnmọ́lá tó fẹ̀yìn tì, ó ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìkirè, débi pé bó bá kàn wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà, àwọn olùkọ́ ńlá ńlá á rántí pé àwọn ò tíì kọ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yẹn. Òun náà ló wá di ẹni tí ń bẹ kọ̀ǹpútà ní Houston, lọ́sàn-án Sátidé, pé kó jọ̀ọ́, kó fi ojú ọmọ ènìyàn han òun.

Kíláàsì Yorùbá ìjọ wọn ní Sharpstown ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta bẹ́ẹ̀dì tẹ́lẹ̀ ni ìjọ náà háyà, láàárín ilé ìfọṣọ àti ibi tí wọ́n ti ń kun èékánná. Ìdajì àwọn ọmọ ń wá jókòó síbẹ̀. Ìdajì yòókù, tí òbí wọn ń gbé The Woodlands àti àwọn ibi jíjìn mìíràn, tí wọn ò sì lè torí a-b-d jó epo, ń wọlé lórí Zoom. Wọ́n gbé láptọ́ọ̀pù lé orí ìwé orin mélòó kan, wọ́n so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá tó wà lára ògiri. Àpótí dúdú ló kún inú tẹlifíṣọ̀n yẹn, orúkọ ọmọ lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mosúnmọ́lá á kí wọn, àwọn àpótí ò ní dáhùn. Ó ti kọ́ ọmọ tí ń sùn rí, ó ti kọ́ èyí tí ń jẹ gúgúrú lábẹ́ tábìlì, ṣùgbọ́n kò tíì kọ́ orúkọ lásán rí láyé rẹ̀.

Kì í ṣe pé kò gbìyànjú. Déákónì Olúdọ̀tun, alága ètò ẹ̀kọ́ ìjọ, ti fi gbogbo ọgbọ́n tí wọ́n fi ń gba ọkàn ọmọ òde òní hàn án. Mosúnmọ́lá ṣe eré onímáàkì tí wọ́n ń tẹ ìdáhùn rẹ̀ lórí fóònù. Àwọn ọmọ tẹ̀ ẹ́, wọ́n gba máàkì, ẹnikẹ́ni ò lanu. Ó pín àwọn ti orí Zoom sí yàrá kéékèèké kí wọ́n lè máa bára wọn sọ̀rọ̀. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń kó wọn padà. Àwọn akọrin ti dé fún ìgbáradì, àwọn ọmọ kan ṣì há sínú ibẹ̀. Ó gbé àwòrán ewúrẹ́ sókè, ó ní kí nìyí. Adéògún, ọmọkùnrin tí ń jókòó níwájú, dáhùn pé, "Lunch."

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yìí ni Déákónì pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ó ní, ó sì dọ̀bálẹ̀ irú ìdọ̀bálẹ̀ àwọn tó wọ kóòtù, èyí tí ìka ọwọ́ nìkan ń kan ilẹ̀. "Committee ní àwọn ọmọ ò sọ̀rọ̀. Àwọn parents fẹ́ ká lo hall yẹn fún coding. A máa ṣe open day lópin oṣù. Tí wọ́n bá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn ọmọ yìí, fine. Tí wọn ò bá gbọ́, a máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, a máa fún yín ní award."

Mosúnmọ́lá ò fẹ́ àmì-ẹ̀yẹ. Kíláàsì yẹn ló fẹ́. Olúwatọ́mi, ọmọ rẹ̀, ló mú un wá sí Amẹ́ríkà kó wá bá a tọ́ ọmọ tuntun. Ọmọ tuntun dàgbà, ó ń lọ sí daycare, iṣẹ́ ìyá àgbà sì tán. Láti ìgbà náà, ohun kan ṣoṣo tí Olúwatọ́mi, tí ń wakọ̀ lọ The Woodlands lójoojúmọ́ lọ ṣe ìṣirò owó ní ọ́fíìsì kan, ń fẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ni pé kó jókòó. Bó bá fọ abọ́, abọ́ ti ní ẹ̀rọ tí ń fọ̀ ọ́. Bó bá ká aṣọ, kò ká a bó ṣe yẹ. Olúwatọ́mi kì í pariwo o, ó kàn máa ń sọ ọ́ bí ẹni tó ti rẹ̀. Mosúnmọ́lá ò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ọ̀rọ̀ inú ilé, inú ilé ló ń gbé. Ṣùgbọ́n ó ń dùn ún wọra. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni àwọn kan máa ń wojú rẹ̀ láti mọ ohun tó kàn, bí ìdajì wọn ò tilẹ̀ ní ojú.

Ohun tó yí nǹkan padà kò sí nínú ọgbọ́n Déákónì. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọmọ kékeré kan da mínírà sórí kápẹ́ẹ̀tì. Kí Mosúnmọ́lá tó lanu, Adéògún ti dìde, ó ti fọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí.

"Ṣé ojú ẹ fọ́ ni? Mi ò sọ fún ẹ? Mi ò sọ fún ẹ pé kó o gbé e kúrò níbẹ̀? Jẹ́ kí n wá bá ẹ níbẹ̀ yẹn."

Ohùn rẹ̀ lọ sókè níbi tó yẹ, ó wálẹ̀ níbi tó yẹ. Lójijì ni ọ̀kan nínú àwọn àpótí dúdú náà mọ́lẹ̀. Jésùtófúnmi ti The Woodlands, tí ẹnikẹ́ni nínú kíláàsì ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí, yọjú, ó wo ọmọ tó da mínírà, ó ní, "Oníranù."

Mosúnmọ́lá wá àga, ó jókòó. Yorùbá ò sọnù lára àwọn ọmọ wọ̀nyí, ibi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí lòun ò wá a dé. Òyìnbó ni òbí wọn fi ń bá wọn ṣeré, òun ni wọ́n fi ń yìn wọ́n, òun ni wọ́n fi ń bá wọn ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé. Ó di ìgbà tí inú bá bí wọn kí Yorùbá tó jáde. Ìbínú nìkan ló fún èdè náà ní físà.

Ló bá ká àtẹ a-b-d kúrò lára ògiri. Láti ọjọ́ yẹn, ọmọ kan á ṣe òbí, ọmọ kan á ṣe ọmọ. Ẹni tó wà nílé á lọ mú ohun tí wọ́n máa ń torí rẹ̀ bá a wí, á gbé e síwájú kámẹ́rà. Ẹni tó wà ní gbọ̀ngàn á bá a wí. Onítọ̀hún á dáhùn bí wọ́n ṣe ń dáhùn nílé. Gbogbo kíláàsì á sì tẹ̀ lé wọn wí. Òfin Ìkirè ni ìyẹn, pé ohun tí ẹnu kan bá sọ ní kíláàsì, gbogbo ẹnu ló ni ín. Àwọn kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Wọ́n gbé bàtà ẹlẹ́rẹ̀ wá, wọ́n gbé abọ́ àná wá. Ọmọ kan gbé láptọ́ọ̀pù lọ síwájú fíríìjì, ó ṣí i sílẹ̀ gbayawu, ó dúró síbẹ̀ tayọ̀tayọ̀ kí wọ́n wá bá òun wí.

Ìlérí nìkan ni kì í kópa. Àkọ́bí Olúwatọ́mi ni, kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí. Mosúnmọ́lá ò yọ ọ́ lẹ́nu. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ bá a wí nílé, ibo ni yóò ti rí ọ̀rọ̀ sọ? Kò bi ara rẹ̀ léèrè pé ta wá ni wọ́n ń bá wí nílé yẹn.

Ọjọ́ open day pé, òbí kún gbọ̀ngàn, òbí kún orí Zoom. Olúwatọ́mi wà lẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú àpamọ́wọ́ rẹ̀. Adéògún bá Jésùtófúnmi wí nítorí fóònù, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi bàbá Adéògún tó ń wo bàtà ara rẹ̀. Déákónì ń mi orí. Ìgbà náà ni Ìlérí nawọ́.

Ọmọ náà ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gba kíláàsì lọ́wọ́ ìyá àgbà rẹ̀. Ó fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Yorùbá tó dára jù lọ lọ́wọ́ rẹ̀ ló kó wá.

Ó bọ́ síwájú, ó nawọ́ sí Jésùtófúnmi nínú tẹlifíṣọ̀n. "Ìwọ ni Grandma," ó ní. Ó wá mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé.

"Màmá. Màmá, mo ti bẹ̀ yín. Mo ní kẹ́ ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan nílé yìí. Ṣé Ìkirè lẹ rò pé ẹ wà ni? Ẹ ò lè kàn jókòó jẹ́ẹ́? Ẹ jókòó, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

Àwọn òbí pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan tilẹ̀ ní ẹ wo bó ṣe bọ̀wọ̀ fún àgbà. Àwọn ọmọ tó mọ òfin ò dúró kí wọ́n pàṣẹ fún wọn, gbogbo wọn wí i tẹ̀ lé e, láti orí Màmá dé orí ẹ jókòó.

"What do I say?" Jésùtófúnmi béèrè.

"Grandma kì í sọ nǹkan kan," Ìlérí dá a lóhùn. "Wọ́n máa ń wọ room wọn lọ ni. Wọ́n á ti door."

Jésùtófúnmi jẹ́ ọmọ tó ń gbọ́ràn. Ó dìde, ó jáde nínú yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ku àga rẹ̀ nìkan lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá, gbogbo ìjọ ń wò ó. Bàbá kan tó gbàgbé láti pa ẹ̀rọ ohùn rẹ̀ ní, "Ìyá ta nìyẹn?" Ẹnì kan bá a pa á.

Ojú ti Mosúnmọ́lá débi pé etí rẹ̀ gbóná. Ó mọ̀ pé kíláàsì ti bọ́ lọ́wọ́ ewu. Ó rí i lójú Déákónì. Bó bá ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Ìlérí báyìí, kó pe ọmọ tó kàn, ó ti parí nìyẹn, yóò sì padà sílé lọ jókòó.

"Jésùtófúnmi, padà wá," ó ní. "Ìdáhùn kọ́ nìyẹn."

Ó fa àga kan síwájú láptọ́ọ̀pù, ó jókòó sípò ẹni tí wọ́n ń bá wí. "Ìlérí, tún un sọ."

Ìlérí tún un sọ, ohùn rẹ̀ ti ń rẹlẹ̀. Mosúnmọ́lá dúró kó parí. Lẹ́yìn náà ló gbójú kọjá orí gbogbo wọn lọ sẹ́yìn gbọ̀ngàn, ó sì sọ̀rọ̀ ní ohùn tó fi ń sọ̀rọ̀ ní Ìkirè, láìbínú.

"Olúwatọ́mi. Mi ò wọ bàálù wá síbí wá jókòó. Bó bá jẹ́ ẹni tó máa jókòó lo fẹ́, àga ni kó o rà."

Òfin sì jẹ́ òfin.

"Olúwatọ́mi," àwọn ọmọ inú gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀, "mi ò wọ bàálù wá síbí wá jókòó." Wọ́n wí i parí, kedere. Àwọn ti orí Zoom tẹ̀ lé e, wọ́n pẹ́ díẹ̀ nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Lẹ́yìn gbọ̀ngàn, Olúwatọ́mi ti dìde dúró, ẹnu rẹ̀ ń mì. Ó ń wí i pẹ̀lú àwọn ti orí Zoom tó pẹ́. Ó wí i dé ibi àga, ó sì dánu dúró.

Mosúnmọ́lá dúró dè é kó parí rẹ̀.