Ohun Tó Jáde Nínú Ilé Agbọ́n

Iléyá ku ọ̀la, Fọlọ́runṣọ́ kò sì lè jókòó. Láti ìdájí ló ti ń rìn síwá sẹ́yìn lọ́dẹ̀dẹ̀ ilé tó háyà ní Fìdítì, tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára ilé amọ̀ márùn-ún tí agbọ́n mọ sára ògiri. Akọ̀wé pósọ́fíìsì ni. Lọ́dún 1964 yìí, kòkòrò ló ń gba gbogbo àkókò ìsinmi rẹ̀.

Òun àti Sìrájù, tíṣà kan ní Ìlọrà, ni wọ́n jọ ń ṣọ́ wọn. Sìrájù ní ọmọ agbọ́n kì í jáde kó tó pé ọgbọ̀n ọjọ́. Fọlọ́runṣọ́ ní kì í pé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Àdéhùn wọn le: ilé tí ọwọ́ ènìyàn bá ti ṣí nídìí kò sí nínú ẹ̀rí. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́rìnlélógún tí agbọ́n ti dí ilé náà pa.

Ìyá Àsíátù, onílé, ti gbé korobá ẹfun kalẹ̀ láti fi kun ògiri náà. Àwọn àna rẹ̀ ń bọ̀ láti Awẹ́. Ó ti sún iṣẹ́ náà síwájú lẹ́ẹ̀mejì, ayálégbé rẹ̀ sì ti ṣèlérí pé bí ẹyọ kan bá ti jáde, òun kò ní bẹ̀bẹ̀ mọ́.

Oòrùn yọ, ilé kẹta lu láti inú. Orí kan yọ, ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n kì í ṣe agbọ́n dúdú oníbàdí tẹ́ẹ́rẹ́ tó kọ́ ọ. Kékeré ni, ó ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ ewé. Ó gbọn ìyẹ́, ó fò lọ.

“Ó ti jáde?”

“Ó jáde, ìyá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ ẹni tó kọ́lé.”

Ìyá Àsíátù ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà pé orin ni agbọ́n ń kọ sí kòkòrò tó bá gbé wọlé títí yóò fi jọ ọ́. “Á jẹ́ pé ó ṣi orin kọ nìyẹn. Bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n kun ògiri mi.”

Fọlọ́runṣọ́ tẹjú mọ́ ihò náà. Ta ló wọlé agbọ́n? Ìgbà wo ló wọlé? Mẹ́rin tó kù ńkọ́? Iyàn ọgbọ̀n ọjọ́ kò já mọ́ nǹkan mọ́. Kò lè bẹ̀bẹ̀, ó ti ṣèlérí. Ó gba búrọ́ọ̀ṣì, ó ní òun ni yóò kun ún. Ó kun ògiri náà látòkè délẹ̀. Nígbà tó dé ibi ilé márùn-ún náà, ó yí wọn po, ó fi àlàfo bí àtẹ́lẹwọ́ méjì sílẹ̀.

“Kí ni kí n wí fún àwọn àna mi?”

“Ẹ ní ayálégbé yín kò mọ ẹfun kùn.”

Ìyá gba búrọ́ọ̀ṣì náà, ó rì í bọ korobá. Etí àlàfo náà nìkan ni ìyá tún ṣe, kó lè gún régé.

Kíá ni Fọlọ́runṣọ́ gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó dorí kọ Ìlọrà láti lọ mú Sìrájù wá, ó sì ń bẹ̀rù pé èkejì lè jáde kí àwọn tó dé.