Nọ́ńbà Mẹ́rìnlá

Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ọ̀sán ni Ẹnu-Abẹ, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ eré ìdárayá, sọ ọ́ lórí rédíò pé ẹ̀gbọ́n mi ta eré.

Kò là á mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, bí balógun ẹgbẹ́ bá sọ bọ́ọ̀lù nù lẹ́ẹ̀mọ́kànlá ní apá kejì nìkan, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi ojú ayò kan ṣoṣo pàdánù, ṣé ọwọ́ rẹ̀ kàn ń yọ̀ ni? Àbí ẹnì kan ló fi òróró pa á lọ́wọ́?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ bá a rín in.

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ilé ìtẹ̀wé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ mi ni kí n ka ìwé tí wọ́n fẹ́ tẹ̀, kí n wá àṣìṣe inú rẹ̀ rí kí ẹ̀rọ tó gbé e mì. Bí ẹ bá fún mi ní okùn tó ta kókó, ẹ ti fún mi lóúnjẹ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ń pè mí ní Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Òun ni balógun ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ àwọn obìnrin àdúgbò wa, ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án tí àwọ̀ aṣọ wọn ti ṣí, tí èrò tó ń wò wọ́n kì í kún bẹ́ǹṣì mẹ́ta. Mo wà lára àwọn tó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn. Láti ọdún mẹ́ta, mi ò pa ọjọ́ kan jẹ.

Aago mẹ́rin ọjọ́ yẹn gan-an ni ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ fẹ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Alága ti sọ fún un láàárọ̀ pé bí ohun tí àwọn èèyàn ń sọ káàkiri bá jẹ́ òótọ́, kó kó aṣọ ẹgbẹ́ sílẹ̀, kó má sì padà wá mọ́.

"Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ bí eré náà ṣe lọ sínú ìwé," Ẹnu-Abẹ tún wí. "Mo wà níbẹ̀ ní Sátidé. Àwòrán ìwé náà wà lójú ìkànnì wa. Ẹni tó bá ní ẹ̀rí tó ju tèmi lọ, kó gbé e wá kí n tó kógbá wọlé ní aago mẹ́ta. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀."

Mo fa ìwé tèmi yọ nínú àpò. Bí mo ṣe ń wo eré ni mo máa ń kọ ọ́: ẹni tó jù ú wọlé, ẹni tó tàsé, ẹni tó sọ bọ́ọ̀lù nù, àti ohun tí aago ń wí nígbà náà. Mo ṣí àwòrán tirẹ̀ lórí fóònù, mo gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Apá kìíní bára mu láìku ẹyọ kan. Ìyẹn yà mí lẹ́nu, torí mo ti rò pé irọ́ pọ́ńbélé ni màá bá níbẹ̀. Apá kejì ni gbogbo rẹ̀ dojú rú. Mọ́kànlá tó kọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi lọ́rùn, méjì péré ni lọ́dọ̀ mi. Nọ́ńbà méje ni ẹ̀gbọ́n mi ń wọ̀. Mo wo nọ́ńbà méje àwọn tó bá wa gbá a. Mọ́kànlá.

Mo ti wà lórí ìdúró kí n tó mọ̀ pé mo dìde.

Ẹnu-Abẹ ò kọ orúkọ ẹgbẹ́ kankan nígbà tí eré ń lọ. "Òsì" àti "ọ̀tún" ló kọ, bí ó ṣe rí àpẹ̀rẹ̀ tí kálukú ń jù sí. Gègé aláwọ̀ mìíràn ló fi kọ orúkọ ẹgbẹ́ sókè rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ó sì gbàgbé pé bí wọ́n bá sinmi tán, àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì a máa pààrọ̀ àpẹ̀rẹ̀. Wọ́n yí, ìwé rẹ̀ ò yí.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sáré débì kan."

Ọ̀gá mi wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ojú ẹ pọ́n. Ta lo fẹ́ lọ lù?"

"Mi ò lu ẹnì kankan, sà. Àṣìṣe ni mo rí."

"Nínú iṣẹ́ wa?"

"Nínú iṣẹ́ ẹlòmíì."

"Kúkú sáré. Ṣùgbọ́n tiwa ń dúró dè ẹ́ níbí o."

Aago mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n jẹ́ kí n wọlé sí ilé-iṣẹ́ rédíò. Mo ti rò pé òmìrán ni Ẹnu-Abẹ. Ọkùnrin kúkúrú kan ni mo bá, tó wọ súẹ́tà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ kanlẹ̀ lórí àga.

"Ẹ̀rí ti dé o!" ó kígbe sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Jókòó, àbúrò. Kí lo mú wá?"

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ìbéèrè kan ni mo kọ́kọ́ mú wá."

"Mo ní kó mú ẹ̀rí wá, ó mú ìbéèrè wá! Ó yá, bi mí."

"Ẹ kọ ọ́ pé ní apá kejì, nọ́ńbà mẹ́rìnlá wa sọ bọ́ọ̀lù nù lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

"Bí mo ṣe rí i nìyẹn."

"Ta ni nọ́ńbà mẹ́rìnlá wa, sà?"

Ó wo ìwé rẹ̀. Ó họrí. "Ọmọbìnrin yẹn... èyí tó ga yẹn."

"Gbogbo wọn ló ga, sà."

Ẹnì kan pa ẹ̀rín mọ́nú lẹ́yìn gíláàsì.

"Láti mẹ́rin dé méjìlá ni nọ́ńbà wa," mo wí. "A ò ní mẹ́rìnlá, a ò sì ní in rí. Àwọn tó bá wa gbá a ló ni ín. Ẹni tó bá ti wò wá lẹ́ẹ̀mejì péré á ti mọ̀." Mo wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ òsì àti ọ̀tún, mo sì fi ìka tọ́ka sí i lórí ìwé rẹ̀.

Ẹnu-Abẹ nu iwájú orí rẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, ojú náà ti yí padà.

"O mọ ẹgbẹ́ yìí dáadáa o. Kí lo jẹ́ sí balógun?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, sà. Ọmọ ìyá mi."

"Ẹ gbọ́ o! Ọmọ ìyá ajá ló wá jẹ́rìí pé ajá ò jẹran!" Ó fọwọ́ lu tábìlì. "Ìwé tó o jókòó kọ nílé lo fẹ́ kí aráyé gbà gbọ́? Ó dáa. O ní méjì ló sọ nù. Ka méjì náà fún wa. Ìgbà wo? Báwo?"

Èkíní kò nira, mo kà á. Èkejì ló nira. Láti Sátidé ni gbogbo ayé ti gbà pé nọ́ńbà méjìlá, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wọn, ló sọ bọ́ọ̀lù ìkẹyìn nù. Ọmọ náà sunkún títí wọ́n fi gbé e kúrò nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ nǹkan kan. Èmi náà, mi ò bi í.

Ọwọ́ mi ni ìwé wà. Ẹnikẹ́ni ò rí ohun tó wà nínú rẹ̀ àfi èmi. Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ìgbìmọ̀ sì ń gbọ́ rédíò. Ṣùgbọ́n bí ìwé mi bá purọ́ lójú kan, kí ló wá mú un sàn ju ti Ẹnu-Abẹ lọ?

"Èkejì," mo wí, "ó ku ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́sàn-án. Nọ́ńbà méjìlá ń sáré lọ síbi tí wọ́n jọ fẹnu kò sí. Balógun ju bọ́ọ̀lù sí ẹ̀yìn ọmọ náà. Bọ́ọ̀lù jáde. Ẹ̀bi ọmọ yẹn kọ́. Ẹ̀bi ẹ̀gbọ́n mi ni."

Ẹ̀rín kúrò lójú Ẹnu-Abẹ. "Èyí tó gba eré lọ́wọ́ yín gan-an?"

"Òun gan-an, sà."

"O sì kà á sétí ọ̀tá àtọ̀rẹ́."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n kà á."

Ó na ọwọ́, ó gba ìwé náà. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ó ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan lọ, ètè rẹ̀ ń mì. Ó pẹ́ kó tó sún mọ́ ẹ̀rọ.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ó jọ pé òsì àti ọ̀tún mi dà pọ̀. Balógun kọ́ ló ni mọ́kànlá. Méjì ni tirẹ̀." Kò tọrọ àforíjì. Ìpolówó ọṣẹ ló fi tẹ̀ lé e.

Kó tó di aago mẹ́rin, mo bá ẹ̀gbọ́n mi lórí pèpéle níwájú ọgbà tí ìgbìmọ̀ ti fẹ́ jókòó, rédíò fóònù rẹ̀ tún ń polówó ọṣẹ.

"Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"O ò lè pè é ní ọ̀kan?"

"Ẹ ń bínú sí mi?"

"Ó ń ṣe mí bíi kí n gbá ẹ létí. Gbé ìwé yẹn wá."

Ó gbà á, ó sì mú un lọ sí ìpàdé. Mo dúró síta, mò ń ka bíríkì ara ògiri. Mo kà á dé igba ó lé díẹ̀, mo tún bẹ̀rẹ̀. Aago márùn-ún ku díẹ̀ ni ó jáde, aṣọ ẹgbẹ́ ṣì wà ní apá rẹ̀.

"Wọ́n ní kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ," ó wí, àmọ́ ojú rẹ̀ ò túká. "Alága ní ta ló sọ bọ́ọ̀lù ìkẹyìn nù. Mo ní èmi ni. Ó ní kí ló dé tí mi ò sọ ọ́ láti Sátidé."

Ó ti ń tẹ fóònù, ó ń pe ọmọ tó ń wọ nọ́ńbà méjìlá. Ó dún títí ó fi gé. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún gé. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni wọ́n tó gbé e.

"Àbúrò mi, èmi ni. Jọ̀ọ́, má gé e."

Mo gba ìwé mi lọ́wọ́ rẹ̀, mo yára rìn síwájú kí n má bàa gbọ́ ìyókù. Iṣẹ́ ṣì ń dúró dè mí ní ilé ìtẹ̀wé.